Ṣé Aago Fóònù Yín Ṣeé Gbẹ́kẹ̀lé? Bí a ṣe lè fúnra wa dán aago, àláàmù àti kàlẹ́ńdà wò

Nígbà tí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ bá lù ní Kútọnù, aago méje ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù ní Lomé. Òkun kò pín ìlú méjèèjì níyà. Ọ̀nà ọkọ̀ wákàtí díẹ̀ ni. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá ti ré ẹnubodè Hilla-Condji kọjá, wákàtí kan ti yí padà lórí aago rẹ̀. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń lo àkókò kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà, èyí tí ó fi wákàtí kan ṣíwájú àkókò àgbáyé tí a ń pè ní UTC. Ilẹ̀ Tógò ń lo UTC gan-an, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ Gánà. Àwọn ìbátan wa Ifẹ̀ tí ń gbé ní Tchetti ní apá Bẹ̀nẹ̀, àti àwọn tí ń gbé ní Atakpamé ní apá Tógò, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n aago wọn kò bára mu.

Láyé àtijọ́, àkùkọ, oòrùn, ohùn ládánì àti agogo ilé ìjọsìn ni wọ́n ń sọ àkókò fún wa. Lónìí, fóònù, tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní pọ́tábù, ni ó gba iṣẹ́ náà. Òun ni ó ń jí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ ṣe ìdánwò bac. Òun ni ó ń rán ìyá àgbà létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òun ni ó ń jí aláàwẹ̀ kí ó lè jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá kùnà, kò sí ohun tí yóò ṣe ẹ̀rọ. Ènìyàn ni yóò jìyà rẹ̀.

Bí a bá lọ sí ọjà, a máa ń fa aṣọ wò kí a tó san owó rẹ̀, a máa ń fi èékánná họ iṣu, a sì máa ń tọ́ gaàrí wò. Ṣùgbọ́n fóònù tí a fi ìdánwò ọmọ àti oògùn òbí sí lọ́wọ́, ta ni ó ti dán àláàmù rẹ̀ wò rí? Àpilẹ̀kọ yìí yóò fi hàn wá bí a ṣe lè ṣe é, láìná owó kankan, pẹ̀lú ìwé àjákọ kan àti bírò kan.

Ẹ̀rọ àwọn ọlọ́gbọ́n náà ti kùnà rí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé fóònù olówó ńlá kò lè ṣìnà. Ní ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́ (janvier) ọdún 2011, àláàmù tí àwọn tí ń lo iPhone ṣètò fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò dún. Àwọn tí wọ́n fẹ́ jí lọ sí ibi iṣẹ́ tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú sùn kọjá àkókò. Ilé-iṣẹ́ Apple sọ pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ kẹta oṣù náà.

Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ (décembre) ọdún 2008, ẹ̀rọ orin Zune oní-30 gígábáìtì ti ilé-iṣẹ́ Microsoft dédé dákú lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ọdún 2008 jẹ́ ọdún tí oṣù kejì rẹ̀ ní ọjọ́ 29, nítorí náà ọjọ́ 366 ni ó ní. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé ọjọ́ kẹrìndínláàádọ́rinlélọ́ọ̀ọ́dúnrún yẹn, ìṣirò rẹ̀ ń yí lójú kan, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ọjọ́ kan péré ni àṣìṣe náà wà, ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún. Ẹni tí ó bá dán an wò ní ọjọ́ mìíràn kò ní rí nǹkan kan.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ibi ìkángun ni àṣìṣe àkókò máa ń sá pamọ́ sí: òru tí ọjọ́ fi ń di ọjọ́ mìíràn, òpin oṣù, òpin ọdún, ọjọ́ 29 oṣù kejì, àti ẹnubodè láàrin ilẹ̀ méjì. Ibẹ̀ ni kí a wá a lọ.

Òfin mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ dídán ẹ̀rọ wò ní òfin tí ó rọrùn. Èkíní, kọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bí a kò bá kọ ọ́, ojú wa yóò gba ohunkóhun tí ó bá rí gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Èkejì, ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá yí nǹkan mẹ́ta padà tí àláàmù kò sì dún, o kò ní mọ èyí tí ó fà á. Ẹ̀kẹta, kọ ohun tí o rí, kì í ṣe ohun tí o rò. «Ó dún ní aago 6:02, nígbà tí mo ṣètò rẹ̀ sí 6:00» wúlò ju «kò dára» lọ.

Ìkìlọ̀ kan tún wà. Ẹ má ṣe lo fóònù tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ bí ẹ bá ní èyí tí ó ti gbó nílé. Bí déètì fóònù bá yàtọ̀ sí ti òtítọ́, WhatsApp lè kọ̀ láti ṣí, ọ̀pọ̀ ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì sì lè sọ pé àwọn kò fọkàn tán ẹ̀rọ náà. Ẹ má sì ṣe dá déètì padà sí ọdún 1970 ṣeré. Ní ọdún 2016, àwọn iPhone kan wà tí kò lè tàn mọ́ lẹ́yìn tí àwọn tí ó ni wọ́n gbé wọn padà sí ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1970.

Aago

Ẹ ṣí «Paramètres», kí ẹ sì wá «Date et heure». Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé fóònù lè gba wákàtí fúnra rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ó sì lè gba agbègbè àkókò, «Fuseau horaire», bákan náà. Nínú àkójọ agbègbè àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà àgbáyé ń lò, orúkọ Àjàṣẹ́ wa ni a fi pe àkókò Bẹ̀nẹ̀: Africa/Porto-Novo. Ti Tógò ni Africa/Lome.

Ìdánwò àkọ́kọ́: ẹ pa ti aládàáṣe, kí ẹ sì fúnra yín yan Lomé. Bí aago bá jẹ́ 14:20 ní Bẹ̀nẹ̀, ó gbọ́dọ̀ di 13:20 lójú ẹsẹ̀. Wákàtí nìkan ni ó gbọ́dọ̀ yí. Ìṣẹ́jú kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Ìdánwò kejì kan àwọn tí ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Páríìsì. Àwa kì í yí aago padà láàrin ọdún, yálà ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò tàbí ní Nàìjíríà. Àwọn ará Faransé ń yí i: wọ́n ń tì í síwájú ní ọjọ́ Àìkú tí ó gbẹ̀yìn oṣù Ẹrẹ́nà (mars), wọ́n sì ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tí ó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀wàrà (octobre). Nítorí náà, nígbà òtútù wọn, aago Páríìsì àti ti Kútọnù dọ́gba. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, Páríìsì fi wákàtí kan ṣíwájú. Fún àwọn tí ó wà ní Lomé, ìyàtọ̀ náà jẹ́ wákàtí kan, lẹ́yìn náà wákàtí méjì. Ẹ fi Páríìsì sí aago àgbáyé inú fóònù, ẹ gbé déètì sí àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́, kí ẹ sì gbé e sí àárín oṣù Agẹmọ (juillet). Bí ìyàtọ̀ kò bá yí, aago yẹn kò mọ ìgbà tí Faransé ń yí àkókò.

Ìdánwò kẹta: ẹ gbé déètì sí ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ, aago 23:59, kí ẹ sì dúró. Ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí, ọjọ́, oṣù àti ọdún gbọ́dọ̀ yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tí ń gbé nítòsí ẹnubodè Tógò ní láti ṣọ́ra. Fóònù lè gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì òdìkejì láìjẹ́ kí a mọ̀, kí ó sì gba wákàtí ibẹ̀ pẹ̀lú. Bí aago bá ń fò síwájú sẹ́yìn, kí ẹ pa «Fuseau horaire» aládàáṣe, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín yan ìlú yín.

Àláàmù

Ẹ ṣètò àláàmù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí àkókò tí ẹ wà. Èyí rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ tún un ṣe ní ipò kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí: nígbà tí ojú fóònù bá wà ní títì, nígbà tí a bá pa ohùn ìpè, nígbà tí «Ne pas déranger» bá wà ní títàn, ní «Mode avion», nígbà tí ó ń fi bátìrì pamọ́, lẹ́yìn tí a bá ti pa á tí a sì tún tàn án, nígbà tí a ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, àti nígbà tí ó bá kú pátápátá. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ «dún» tàbí «kò dún». Àwọn fóònù kéékèèké olóríkì bọ́tìnnì kan wà tí àláàmù wọn ń dún bí a bá tilẹ̀ pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ fóònù òde-òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún rántí pé, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ìwọ̀n ohùn àláàmù yàtọ̀ sí ìwọ̀n ohùn ìpè. Ẹni tí ó gbé ti ìpè sókè lè má mọ̀ pé ti àláàmù wà nílẹ̀.

Àláàmù tí a ṣètò fún ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ dákẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Dídákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́ jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́ta kò sì lè dípò ìdánwò òru kan. Àwọn fóònù kan máa ń mú kí ètò tí a kò fọwọ́ kàn fún wákàtí púpọ̀ sùn, kí bátìrì má baà tán. Àláàmù tí ó dún lọ́sàn-án lè má dún ní òwúrọ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ìdánwò ní ọjọ́ Ajé, kí ó dán àláàmù rẹ̀ wò ní òru ọjọ́ Ẹtì sí Àbámẹ́ta, nígbà tí àsùnjù kò ní pa á lára.

Bí ó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ni ó ni fóònù, ìdánwò kò parí bí àláàmù bá dún. Ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sọ pé: «Màmá, ẹ jẹ́ kí ó dún, kí ẹ fúnra yín pa á.» Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ máa wò. Ṣé wọ́n gbọ́ ọ láti inú yàrá kejì? Ṣé wọ́n rí ibi tí wọn yóò tẹ̀? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ti oògùn ni, kì í ṣe ẹnì kan ni ó ń pè wọ́n? Ohun tí ọmọ ogún ọdún kà sí kékeré lè jẹ́ odi níwájú ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ọ̀ràn ẹnubodè

Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kò mọ̀. Àláàmù ń tẹ̀lé ojú aago. Kàlẹ́ńdà ń tẹ̀lé àkókò gan-an. Bí a bá ṣètò àláàmù sí aago márùn-ún ní Kútọnù, tí a sì sùn ní Lomé, aago márùn-ún ti Lomé ni yóò dún, èyí tí í ṣe aago mẹ́fà ní Kútọnù. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ìpàdé aago mẹ́sàn-án sínú kàlẹ́ńdà ní Kútọnù, bí a bá dé Lomé, ọ̀pọ̀ fóònù yóò fi aago mẹ́jọ hàn fún ìpàdé yẹn. Méjèèjì tọ̀nà ní ọ̀nà tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó lè tìdí rẹ̀ jáde. Ẹnì kan wà ní Lomé. A pè é sí ìgbéyàwó ní Àjàṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Ó kọ mẹ́sàn-án sínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ láìyan agbègbè àkókò. Bí ó bá dé Bẹ̀nẹ̀, fóònù rẹ̀ yóò sọ pé aago mẹ́wàá ni. Wọn yóò ti so ìyàwó pọ̀ mọ́ ọkọ kí ó tó wọlé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìpàdé ìlú mìíràn, ẹ wá ibi tí a ti ń yan «Fuseau horaire» nínú ìpàdé yẹn, kí ẹ sì yan ti ìlú tí ìpàdé ti máa wáyé. Kí ẹ sì dán an wò ṣáájú ìrìn-àjò, nípa yíyí agbègbè àkókò fóònù padà.

Kàlẹ́ńdà àti ọjọ́ ọjà

Kàlẹ́ńdà ṣeé fi ìtàn dán wò. Ẹ yí i padà sí ọjọ́ kìíní oṣù Ògún (août) 1960, ọjọ́ òmìnira Bẹ̀nẹ̀, tí a ń pè ní Dahomey nígbà náà: ọjọ́ Ajé ni ó gbọ́dọ̀ fi hàn. Ọjọ́ 27 oṣù Igbe (avril) 1960, ọjọ́ òmìnira Tógò, jẹ́ Ọjọ́rú. Ẹ lọ síwájú: ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé (février) 2028 gbọ́dọ̀ wà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ṣùgbọ́n ọdún 2100 kò gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 29 nínú oṣù Èrèlé, nítorí ọdún tí ó pé ọgọ́rùn-ún kì í ní in àfi bí 400 bá pín in géérégé, gẹ́gẹ́ bí ọdún 2000.

Ẹ tún dán ọjọ́ 31 wò. Ẹni tí ń gba àjọ, tontine, ní òpin oṣù lè sọ fún kàlẹ́ńdà pé kí ó rán òun létí ní ọjọ́ 31 oṣooṣù. Oṣù méje péré ni ó ní ọjọ́ 31. Ọ̀pọ̀ kàlẹ́ńdà yóò sì fo oṣù márùn-ún yòókù láìsọ nǹkan kan. Kí ẹ yan ọjọ́ 28, tàbí «dernier jour du mois» bí ó bá wà.

Èyí tí ó kù jẹ́ ti àwa gan-an. Ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ wa jẹ́ ọjà ọrọọrún. Bí ọ̀dọ́ kan bá bi ìyá rẹ̀ léèrè, yóò sọ pé: «Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni a ń ná an.» Ọ̀dọ́ náà yóò sì sọ fún fóònù pé kí ó tún ìránnilétí ṣe ní gbogbo ọjọ́ 5. Ọjà kejì ni fóònù yóò ti ṣìnà. Yorùbá ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn: ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni à ń pè ní ìjẹta, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ta wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìtàdógún náà, ọjọ́ 16 ni fóònù yóò kà á sí. Kí àwọn tí ó gbọ́ Faransé má ṣe rẹ́rìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Faransé ń sọ «huit jours» fún ọ̀sẹ̀ kan tí í ṣe ọjọ́ méje, àti «quinze jours» fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fóònù kì í ka ọjọ́ òní. Nítorí náà, fún ọjà ọrọọrún, 4 ni kí ẹ tẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó tọ̀nà nìyí: bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tí ó tẹ̀lé e yóò bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kí ó tó tún padà sí ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn ìyálọ́jà ìlú yín wé e kí ẹ tó gbà á gbọ́. Nínú ìdánwò yìí, àwọn ìyálọ́jà ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Èdè tí kàlẹ́ńdà ń sọ

Àkójọ kan wà tí a ń pè ní CLDR, ti àjọ Unicode, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ti ń mú orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní èdè kọ̀ọ̀kan. Yorùbá wà nínú rẹ̀, kódà Yorùbá ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní àyè tirẹ̀, tí a kọ pẹ̀lú lẹ́tà ɛ àti ɔ, tí «sh» sì dúró fún ṣ, gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa. Bí fóònù yín bá ní Yorùbá nínú àkójọ èdè rẹ̀, ẹ yàn án, kí ẹ ka orúkọ ọjọ́ méjèèje àti oṣù méjìlá sókè níwájú àgbàlagbà kan. Ṣé àmì ohùn pé? Ṣé ojú fóònù gé orúkọ gígùn kúrò láàrin? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a ń pè é ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́? Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ó ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àkójọ náà. Bí àwa tí a ni èdè kò bá wò ó, àṣìṣe ẹnì kan yóò di ohun tí ọmọ wa yóò rò pé ó tọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀sán ọjọ́ kan péré tó fún iṣẹ́ yìí. Fóònù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìwé àjákọ kan, àti ènìyàn méjì: ọ̀kan ń tẹ̀, èkejì ń kọ. Bí ẹ bá ti parí, ẹ pa gbogbo àláàmù àti ìpàdé ìdánwò rẹ́, ẹ dá déètì àti wákàtí padà sí ti aládàáṣe, kí ẹ sì fi aago rẹ̀ wé ti fóònù mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ìyá àgbà tí ń lo oògùn ní àdúgbò, ẹ bá a dán tirẹ̀ wò.